Ẹni Tó Tún Un Ṣe Ni Kó Kọ́kọ́ Wọ̀ Ọ́

Ìyá mi àgbà kò mọ ọkọ̀ wà títí wọ́n fi kú. Síbẹ̀, láti Lagos Town dé Kotobabi, kò sí fítà tí àyà rẹ̀ kì í já tó bá rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ pẹ̀lú àpótí ìjókòó lábẹ́ apá. Fítà là ń pe mẹkáníìkì ní Accra níbí, àpótí yẹn sì ni Ìyá Àgbà fi ń ṣọ́ wọn. Tí Hájíà Jíìpù, bí wọ́n ṣe ń pè wọ́n, bá ti gbé àpótí kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ, o mọ̀ pé o ò ní lè fi irin àlòkù pe irin tuntun lọ́jọ́ náà.

Jíìpù ọ̀hún, bàbá mi àgbà ló fi í sílẹ̀ fún wọn. Èbúté Tema ni wọ́n ti rà á kí bàbá mi tó gbéyàwó: ọkọ̀ gíga aláwọ̀ eérú, tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fà lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ní ọ̀pá jíà méjì. Ọ̀pá kékeré ni ti ẹrẹ̀ àti òkè. Nígbà tí bàbá àgbà kú, gbogbo ẹbí rò pé Ìyá Àgbà á ta á, wọ́n á sì jókòó ti ọṣẹ tí wọ́n ń tà nílé. Wọn ò tà á. Ọṣẹ, mílíìkì alágolo, ṣúgà àti tòmáàtì inú agolo ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀ lọ sáwọn abúlé tó wà lẹ́yìn òkè Akuapem, níbi tí tírótíró, ọkọ̀ èrò ti Accra, kì í dé tójò bá ti rọ̀. Dírẹ́bà mẹ́rin ló wà á kó tó kàn mí. Èmi ọmọ ọmọ wọn obìnrin, tí mo máa ń fi Twi ti Yorùbá mi lẹ́yìn, ni mo wà á pẹ́ jù, ọdún mẹ́sàn-án gbáko.

Òfin kan ṣoṣo ni wọ́n ní fún fítà. Tí iṣẹ́ ńlá bá ti parí, yálà ẹ́ńjìnnì la tú ni o, tàbí bíréèkì, tàbí sípíríǹgì, fítà tó ṣe é ni yóò kọ́kọ́ bá wa wọ ọkọ̀ gun òkè náà, yóò sì bá wa sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Àga iwájú tí í ṣe tiwọn ló máa jókòó sí, Ìyá Àgbà á bọ́ sẹ́yìn sáàárín páálí ọṣẹ. Mo ti rí fítà tó rẹ́rìn-ín, mo ti rí èyí tó bínú. Mo rí ọ̀kan tó ní ká fún òun ní ìṣẹ́jú márùn-ún, ló bá tún wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ, ó sì lo wákàtí méjì níbẹ̀. Ìyá Àgbà ò bi í pé kí ló ń ṣe. Wọ́n kàn yíjú sí mi, wọ́n ní: "Ọkọ̀ kì í purọ́, ẹnu fítà ló ń purọ́. Ara fítà pàápàá kì í purọ́."

Ohun mìíràn tó tún kù ni ọ̀dà èékánná. Ìyá Àgbà ò kun èékánná rí láyé wọn, nítorí omi àlùwàlá. Ṣùgbọ́n ìgò ọ̀dà èékánná pupa kan kì í kúrò nínú báàgì wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹ̀sùbáà. Gbogbo irin pàtàkì tó wà lára jíìpù náà ni wọ́n tọ́ ọ sí bíńtín, kí ẹnikẹ́ni má bàa yọ ọ́, kó fi jákujàku rọ́pò rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ta ìpara ní Kotobabi a máa bi wọ́n pé àwọ̀ wo ló bá aṣọ ọdún wọn mu. Wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì làwọn fẹ́ kùn. Ọmọ náà á rẹ́rìn-ín títí, kò mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Ẹ má rò pé ẹni mímọ́ ni mò ń ròyìn o. Olóríkunkun ni Ìyá Àgbà. Wọ́n bá bàbá mi tí í ṣe ọmọ bíbí inú wọn jà lórí jíìpù yìí débi pé ọdún Iléyá kan wà tí wọn ò jẹ ẹran ara wọn. Bàbá mi ní ọkọ̀ ti gbó, ọ̀nà burú, ọjọ́ kan ni wọ́n máa fi gbé òkú wa wálé. Ìyá Àgbà bi í pé nígbà táwọn obìnrin abúlé bá fẹ́ fọ aṣọ ọmọ wọn, ṣé òun ni yóò máa ru ọṣẹ lọ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní: "Ojú ọ̀nà tí kò dáa ni ọjà mi wà. Bó bá dáa, gbogbo ayé ni ì bá ti gbà á."

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba bàbá mi kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, jíìpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ èéfín. Bíréèkì rẹ̀ ń rọ̀, odò kékeré tó wà lójú ọ̀nà abúlé sì ń wọ inú rẹ̀ lásìkò òjò. A gbọ́dọ̀ tú ẹ́ńjìnnì, ká pààrọ̀ gbogbo ohun tó jẹ mọ́ bíréèkì, ká sì gbé ọkọ̀ ga sí i lórí sípíríǹgì tuntun. Ẹni tá a bá gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún, ẹ̀mí wa la gbé fún un. Ìyá Àgbà gbé àpótí, ó di ọ̀dọ̀ Ataa Tetteh ní Kotobabi, àgbà fítà kan, ọmọ Ga, táwọn èèyàn ní ó mọ iṣẹ́ ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dáa.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bàbá náà ò kí wa. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi òòlù gbá ṣáàsì, ìyẹn irin gbọọrọ tí gbogbo ọkọ̀ dúró lé, ni ìpẹtà tó tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé bá já bọ́. Ó jáde, ó ní: "Alata Maame, this thing go kill you. I no go lift rotten something." Ó ní òun á kọ́kọ́ jó ṣáàsì náà pọ̀ kóun tó gbé ọkọ̀ ga, ó máa gba oṣù méjì, tá ò bá sì lè dúró, ká máa gbé e lọ.

Ìyá Àgbà dìde bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Kì í ṣe ṣáàsì tó jẹrà ló dùn wọ́n. Nínú ọkọ̀ ni wọ́n ti ní: "Ẹni tí kò mọ̀ mí kí, kí ló fẹ́ mọ̀ nípa ọkọ̀ mi?" Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo ń sọ èyí kẹ́nikẹ́ni má rò pé mo gbọ́n jù wọ́n lọ.

Ìgbà yẹn la gbọ́ nípa ṣọ́ọ̀bù Múfú. Ẹgbẹ́ mi ni Múfú, mọ́ṣáláṣí kan náà la ti ń kírun, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ni ìyá rẹ̀ ti wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbí Ìyá Àgbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́bàá títì ní Lagos Town ni, ó kun ògiri rẹ̀ ní búlúù. Bá a ṣe débẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo ti rin, ó ní: "Àjíkẹ́, ọmọ Ajílété, ẹ káàbọ̀ sílé yín."

Ẹni tí wọ́n bí sí Accra ni ọ̀rọ̀ yẹn máa yé jù. Níta, Alata ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá. Nínú ilé, àwọn ọmọ ń gbọ́ Yorùbá, Twi ni wọ́n fi ń dáhùn. Ẹni tó pe oríkì Ìyá Àgbà kẹ́yìn ni ọkọ wọn, ọdún méjìlélógún sì ti kọjá tí ìyẹn ti wọ ilẹ̀ lọ. Mo rí omi lójú wọn. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Ti Múfú yọ kọ́kọ́rọ́ jíìpù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà, Ìyá Àgbà ò gbé àpótí débẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọn ò sì tọ́ ọ̀dà sí irin tuntun kankan. Nígbà tí mo béèrè, ohùn wọn le sí mi. Wọ́n ní: "A kì í jókòó ti ọmọ ẹni bí ẹni ń ṣọ́ olè."

Lọ́jọ́ tá a fẹ́ gbé ọkọ̀, Múfú fi páálí tí páìpù bíréèkì tuntun bá wá hàn wá. Mo rán Ìyá Àgbà létí òfin wọn. Múfú ní wọ́n ń sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lórúkọ ní Nima, òun ò ní lè bá wa gun òkè. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ó ń nu kọ́kọ́rọ́ wa mọ́ aṣọ rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù. Ìyá Àgbà tí kì í gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní kò burú, ọmọ ilé ni.

Ìyá méjì tó ń ta aṣọ wà lẹ́yìn lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹrù wọn, Ìyá Àgbà wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A gun òkè láìsí wàhálà. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, Ìyá Àgbà sì ń fi Múfú yangàn fáwọn tó wà lẹ́yìn. Nígbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, lójú ọ̀nà erùpẹ̀, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀ ọkọ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó dà bíi pé inú omi ni mo tẹ̀. Ọ̀gbun wà lápá ọ̀tún, ògiri erùpẹ̀ wà lápá òsì. Jíà kìíní ni mo ti wà látòkè, ọkọ̀ ṣì ń yára sí i. Àwọn ìyá ẹ̀yìn ti ń pe Ọlọ́run ní èdè mẹ́ta. Ìyá Àgbà ò pariwo. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n gbé e lé ọ̀pá kékeré, wọ́n ní: "Ti ẹrẹ̀."

Mo fi gbogbo agbára fà á. Irin ké bí ẹran tí wọ́n ń dú, ọkọ̀ sì dẹwọ́ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n rí àyè darí rẹ̀ sí ògiri erùpẹ̀. A ń ha ògiri lọ, a ń ha á lọ, títí ọkọ̀ fi dúró. Imú jíìpù wó, eyín kan bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn ìyá aláṣọ. Ìwọ̀n ọ̀pá márùn-ún síwájú, ọ̀nà náà ṣẹ́ kọ́nà, ọ̀gbun nìkan ló kù níbẹ̀.

Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni wọ́n nígbà náà. Wọ́n tú gèlè, wọ́n so ìró wọn mọ́ra, wọ́n dùbúlẹ̀ sórí erùpẹ̀, wọ́n rá wọ abẹ́ ọkọ̀. Mo tẹ̀ lé wọn. Páìpù tó ń gbé epo bíréèkì lọ sẹ́yìn ti bẹ́, epo ń kán lára rẹ̀. Páìpù náà dúdú, ó ń dán bíi tuntun. Ìyá Àgbà fi èékánná ha á. Ọ̀dà dúdú ṣí kúrò, pupa sì yọ lábẹ́ rẹ̀: ọ̀dà èékánná tiwọn, tí wọ́n ti fọwọ́ ara wọn tọ́ síbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. "Múfú kọ́ ló tàn mí," ni wọ́n wí. "Etí mi ni."

Mo bínú sí Ìyá Àgbà, mi ò ní fi pa mọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, mi ò lè wo ojú wọn. Torí pé ẹnìkan pe oríkì wọn, ìba díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ mi pa èèyàn mẹ́rin. Bàbá mi ní àgọ́ ọlọ́pàá ló kàn, inú mi sì dùn sí i. Ìyá Àgbà ní kí wọ́n fún àwọn ní ọjọ́ mẹ́ta péré.

Wọ́n ní kí n wá ọkọ̀ tí yóò wọ́ jíìpù náà síwájú ṣọ́ọ̀bù Múfú, pẹ̀lú imú rẹ̀ tó wó. Wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn iwájú sílẹ̀ gbayawu, wọ́n gbé àpótí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n jókòó. Wọn ò bú Múfú, wọn ò ro ẹjọ́ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á ní àwọn ń dúró dè é kó wá wọkọ̀ ni. Lọ́jọ́ kìíní, Múfú ò jáde rárá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn oníbàárà rẹ̀ ń débẹ̀, wọ́n ń wo imú jíìpù, wọ́n ń padà. Lọ́jọ́ kẹta, lẹ́yìn ìrun Alásárì, ó jáde, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní páìpù inú páálí yẹn ò bá ọkọ̀ mu, òun wá òmíràn títí, òun ò rí, òun sì bẹ̀rù pé bó bá pẹ́ jù, a ó gbé ọkọ̀ padà sọ́dọ̀ Ataa Tetteh. Ó ní òun kun ti àtijọ́ ní dúdú, òun rò pé yóò ṣì lè ṣiṣẹ́.

Ìyá Àgbà ní: "Dìde. Mi ò wá gba ìdọ̀bálẹ̀, èyí tí o fún mi lọ́jọ́sí ṣì wà lára mi. Ìlẹ̀kùn nìyẹn. Wọlé."

Múfú wo ọkọ̀ náà tí kò lè rìn, tí kò sì ní gbé e lọ síbì kankan. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó sì gbé e padà sílẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ìyá Àgbà dìde, wọ́n gbé àpótí wọn. Wọ́n ní: "Ọjọ́ tí o bá tún èyí tí o lè wọ̀ ṣe, wọlé. Mi ò ní pè ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n mú Múfú lọ sí Kotobabi. Ìyá Àgbà tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ kúnlẹ̀ kí Ataa Tetteh ní èdè Ga, wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó gba jíìpù náà, kó sì gba ẹni tó bà á jẹ́, kó kọ́ àwọn méjèèjì níṣẹ́. Bàbá náà ò dáhùn ìkíni títí di òní. Ṣùgbọ́n ó gba ọkọ̀, ó sì ju òòlù kan sí Múfú lọ́wọ́. Ṣọ́ọ̀bù búlúù tì pa. Mo bi Ìyá Àgbà pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí ọlọ́pàá gbé e. Wọ́n ní: "Tí wọ́n bá tì í mọ́lé, ta ló máa kọ́ ọ?"

Oṣù méjì tí Ataa Tetteh dá di mẹ́rin. Àpótí Ìyá Àgbà ò yẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lọ́jọ́ tó parí, wọn ò tíì la ẹnu sọ òfin wọn tá a fi rí Ataa Tetteh lórí àga iwájú, pẹ̀lú kẹ́ńkẹ̀ rẹ̀, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn Ga, nínú ewé, ó ń wò wá bíi pé àwa la pẹ́. "Alata Maame, yɛnkɔ," ló wí, ká máa lọ. Ìyá Àgbà gun ẹ̀yìn lọ sáàárín páálí ọṣẹ, wọ́n rẹ́rìn-ín dé orí òkè. Láti ẹ̀yìn ibẹ̀ ni wọ́n ti na ọrùn sí etí mi, wọ́n ní: "Ẹni tó mọ̀ ọ́n kí kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe."

Lásìkò òjò tó kọjá ni Ìyá Àgbà kú, lórí ẹní ìrun wọn, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Tẹ̀sùbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi pè mí síyàrá. Jíìpù ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í dá iṣẹ́ sílẹ̀, jíà ń já, bíréèkì tún ń rọ̀. Bàbá mi ní Ataa Tetteh ò ríran dáadáa mọ́, ta ni mo fẹ́ gbé e fún? Wọ́n ní tí n ò bá rí ẹni tó ṣeé fọkàn tán kí oṣù tó parí, àwọn á ta á. Mi ò bá wọn jà. Mo mọ̀ pé ẹ̀mí mi ni wọ́n ń bẹ̀rù fún, mo sì mọ̀ pé tí jíìpù yẹn bá lọ, Ìyá Àgbà lọ tán nìyẹn.

Mo wá ibi iṣẹ́ káàkiri. Mo dé ọ̀kan lójú ọ̀nà Tema tí ilẹ̀ rẹ̀ funfun bíi ti ilé ìwòsàn. Wọn ò jẹ́ kí n kọjá ìlà kan tí wọ́n fà sílẹ̀, wọ́n ní kí n lọ jókòó síbi atẹ́gùn, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Níbòmíràn, ọkùnrin kan gbọ́ orúkọ mi, ló bá fi ògidì Yorùbá kí mi, ó ń béèrè oríkì mi. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Mo sá.

Níkẹyìn mo lọ bi Ataa Tetteh fúnra rẹ̀. Ó jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti di funfun. Kò kí mi. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ẹsẹ̀ méjì tó yọ lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan. Ẹsẹ̀ Múfú ni. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rò ó. Lọ́jọ́ karùn-ún, mo gbé jíìpù lọ, mo gbé àpótí sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo jókòó níbẹ̀. Múfú ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ṣọ̀wọ́n bíi ti ọ̀gá rẹ̀. Ìgò ọ̀dà èékánná Ìyá Àgbà wà lọ́wọ́ mi, gbogbo irin tó bá ti gbé jáde nínú páálí ni mò ń tọ́ ọ sí lójú rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Lọ́jọ́ kan, ó rá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó ní: "Àǹtí, ẹ gbàgbé ọ̀kan." Páìpù bíréèkì ló nà sí mi. Mo ṣí ìgò, mo kùn ún.

Lọ́jọ́ tó parí, mo ti kó páálí ọṣẹ sẹ́yìn. Òfin Ìyá Àgbà wà lórí ahọ́n mi. Tó bá tún sọ pé wọ́n ń sọ ọmọ kan lórúkọ níbì kan, kò sí ẹlòmíràn tí mo lè gbé e fún, jíìpù sì ti tà nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé àpótí. Mo gbọ́ tí ìlẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé. Nígbà tí mo gbójú sókè, Múfú wà lórí àga Ìyá Àgbà, epo lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì lórí eékún. Kò wò mí.

"Ẹ jẹ́ ká lọ, Àǹtí," ló wí. "Láti ọjọ́ yẹn ni ìlẹ̀kùn yìí ti ṣí sílẹ̀ dè mí."

Mo gbé àpótí sáàárín páálí ọṣẹ, mo ṣáná. A gun òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì. Nígbà tá a dé ibi tí àpá wa ṣì wà lára ògiri erùpẹ̀, mo tẹ bíréèkì. Ọkọ̀ dúró.